Orí yìnyín Simcoe: perch lápá gúúsù, trout níbi tó jìn

Ọjọ́bọ̀: Cook's Bay

Òtútù -16°C ló kí wa káàbọ̀ létí omi, a ò tíì ka ti atẹ́gùn mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n ló wakọ̀ láti Toronto, ní Canada, ká lè pẹja lórí yìnyín Adágún Simcoe. Èmi ni mo di ẹrù, èmi náà ni mo sì ń tú u nínú òkùnkùn.

Cook's Bay ni ìdí Adágún Simcoe, lápá gúúsù, níbi tí Odò Holland ti ń dà sínú ẹ̀. Adágún náà tóbi, ó tó 722 kìlómítà níbùú lóròó. Ibi tó jìn jù nínú ẹ̀ tó mítà 41, àmọ́ apá ìhín kọ́ nìyẹn. Cook's Bay ò jìn, ewédò kún ìsàlẹ̀ ẹ̀, kòkòrò omi sì ń gbé inú ewédò náà. Perch, ẹja kékeré tó ń rìn lẹ́gbẹ́, ò bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tá a fẹnu kò sí ni pé ká fi perch bẹ̀rẹ̀, kọ́wọ́ wa lè mọ́ra, ká tó lọ bá trout, ẹja tó tóbi jù ú lọ.

Ká tó rìn wọlé, Ẹ̀gbọ́n yọ ọ̀pá irin ẹlẹ́nu mímú kan jáde. Bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀ ló ń gún yìnyín níwájú ara ẹ̀, gbàgà, gbàgà. Tí irin bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tómi sì yọ, ẹ̀yìn ló kù téèyàn ń lọ. Kò wọlé. Ihò tá a kọ́kọ́ lu, a ki rúlà bọ̀ ọ́, ó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30. Ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ontario, níbi tá a wà yìí, ń sọ fáwọn apẹja ni pé kí yìnyín téèyàn máa fẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán, kí ti alùpùpù orí yìnyín tó 20, kí ti mọ́tò fúyẹ́ tó 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Yìnyín tó mọ́ gaara, tó ń ṣe búlúù, ni wọ́n ń sọ o. Èyí tó funfun, ìyẹn ìrì dídì tó rin tó wá dì mọ́ ojú ẹ̀, ìdajì agbára ti búlúù ni kẹ́ ẹ kà á sí. Ti ibi tá a wà yìí ní méjèèjì: funfun tín-ín-rín lókè, búlúù tó nípọn dáadáa lábẹ́.

Síbẹ̀ náà, mo gbé ìṣó mi kọ́rùn. Ìṣó méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdìmú onígi, okùn ló so wọ́n pọ̀. Tí yìnyín bá là mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, òun lèèyàn máa fi gún èyí tí ò là, kó lè wọ́ ara ẹ̀ jáde. Ọwọ́ lásán máa ń yọ̀ lórí yìnyín tó rin. Mo ti rí àwọn tó ń kó tiwọn sínú báàgì, tí báàgì sì wà lórí sílẹ́ẹ̀dì. Báàgì yẹn ni ò ní rì.

Ẹ̀gbọ́n kì í lu ihò kan kó jókòó. Ó gbé ẹ̀rọ ìlu-yìnyín tó ń lo bátìrì, ó dá ihò lu lọ bẹẹrẹ, látibi tómi ti jìn tó mítà 3 títí dé ibi tó ti di mítà 7, kó tó jẹ́ kí ìwọ̀ kan omi rárá.

"Ariwo ẹ̀rọ yìí máa lé wọn," ó ní. "Pa gbogbo ariwo ẹ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó o wá dákẹ́. Wọ́n á padà."

"Ẹ ṣáà jẹ́ ká mu tíì kí wọ́n tó padà, sà."

"Tíì wo? Gbé sónà."

Iṣẹ́ mi nìyẹn: kí n máa gbé sónà, ẹ̀rọ tó ń fi ẹja abẹ́ omi hàn bí ìlà, láti ihò kan dé òmíràn, kí n máa wò bóyá ìlà kankan hàn nítòsí ìsàlẹ̀. Perch kì í dá rìn. Ibi tọ́kan bá wà, ẹgbẹ́ ẹ̀ wà níbẹ̀. Tẹ́gbẹ́ ẹ̀ bá sì ṣí lọ, o lè jókòó tira ihò náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìwọ̀ rẹ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé sùúrù ni perch ń fẹ́. Ẹsẹ̀ ló ń fẹ́. Tí ihò kan bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kúrò níbẹ̀.

Ọ̀pá perch ò gùn ju apá lọ, okùn ẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ìwọ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi tungsten ṣe orí ẹ̀ ni mo so. Tungsten wúwo ju òjé lọ, torí náà ìwọ̀ tí ò ju ẹnu perch lọ máa ń yára délẹ̀. Mo gún ìdin sí i lẹ́nu, mo jẹ́ kó balẹ̀, mo wá jẹ́ kó lu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ní pẹ̀lẹ́, kí ẹrẹ̀ lè dìde. Lẹ́yìn náà mo gbé e sókè díẹ̀, mo dúró jẹ́ẹ́. Ẹrẹ̀ tó dìde yẹn ló ń pè wọ́n. Lójú sónà, mo rí ìlà kan tó ń sún mọ́ ọn, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà ìlà ò ṣeé kà mọ́.

Perch kì í fa okùn já lọ. Ṣóńṣó ọ̀pá á kàn tẹ̀ sílẹ̀ bí ìbú èékánná, tàbí kó tiẹ̀ gbéra sókè nígbà tí ẹja bá gbé ìwọ̀ náà dání. Ẹni tó bá ń retí kó fà á gírígírí, ìdin á tán lọ́wọ́ ẹ̀. Mo gbé ọwọ́ díẹ̀, ó kọ́. Nígbà tó yọ lójú ihò, àwọ̀ ẹ̀ yà mí lẹ́nu lórí gbogbo funfun yẹn: ara ìyeyè tó ń lọ sí ewé, ìlà dúdú tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, lẹbẹ ikùn tó pọ́n bí ọsàn. Láti orí lọ sí ìrù lèèyàn ń fọwọ́ pa á o, kí ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹ̀ lè sùn. Ẹni tó bá fọwọ́ pa á láti ìrù á mọ ohun tí mò ń sọ. Mo jù ú sórí ìrì dídì, kò pẹ́ tó fi gan bó ṣe ká ara ẹ̀ sí.

Wọ́n ń jẹ títí di ọ̀sán, wọ́n sinmi díẹ̀, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìpẹja méjì ló wà ní Ontario. Ẹni tó bá gba ńlá lè mú perch 50 lọ sílé níbí, ẹni tó bá gba kékeré 25. Òfin gbà kéèyàn ta ìwọ̀ méjì lórí yìnyín, bó bá ṣáà lè rí méjèèjì kedere, tí kò sì jìnnà sí wọn ju mítà 60. Tèmi ò tiẹ̀ dé ibi tófin fi sí, àmọ́ garawa wúwo.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ máa dá ẹja padà. Àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn perch ò ní ẹnu ọ̀nà sí ọ̀fun. Tó o bá fà á kíákíá látinú omi tó jìn ju nǹkan bíi mítà 10 lọ, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á wú, ikùn ẹ̀ lè yọ gba ẹnu jáde. O lè dá a padà sómi, kò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Tó o bá fẹ́ máa ṣa perch, kékeré síhìn-ín, ńlá sọ́hùn-ún, dúró síbi tí kò jìn.

Bí oòrùn ṣe wọ̀, ó parí. Ojú ni perch fi ń wá oúnjẹ; tílẹ̀ bá ti ṣú, á sùn sísàlẹ̀. À ń kó ẹrù nígbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ wa, ohùn gígùn kan tó gba ọwọ́ ìlú Keswick wá, tó kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, tó sì lọ. Mo dúró sójú kan. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Òtútù alẹ́ ló ń mú kí yìnyín súnkì, tó sì ń sán níbi tó bá ti le jù. Ariwo yẹn nìkan kì í ṣe àmì pé ó fẹ́ já, kì í sì í ṣe àmì pé ó lágbára. Ọ̀pá irin lo máa béèrè lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì: Kempenfelt Bay

Ọwọ́ ìwọ̀ oòrùn adágún nibí, ìlú Barrie ló wà ní ìparí ẹ̀. Inú ẹ̀ ni mítà 41 tí mo sọ lánàá wà. Bàbá kan tó ń fi ahéré háyà ló fi alùpùpù fà wá dé ibi tómi ti jìn tó nǹkan bíi mítà 25. Ahéré náà ní ihò nílẹ̀, àga, àti hítà onígáàsì. Bàbá fi hàn wá ibi tí fèrèsé kékeré wà, ó ní ká má tì í rárá. Èéfín gáàsì tí ò jó tán kì í rùn, kì í ta lójú, àmọ́ ó ti pa àwọn tó sùn sínú irú ahéré bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín náà bá ti pọ̀ wà lára ògiri. Mo tẹ bọ́tìnì ẹ̀ wò kí n tó bọ́ ìbọ̀wọ́.

Trout ibí yìí, lake trout ni, Salvelinus namaycush. Omi tútù tí ọ́síjìn wà nínú ẹ̀ ló ń gbé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìsàlẹ̀ nìkan ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn, nítorí òkè omi ti móoru. Lásìkò òtútù ọ̀rọ̀ yí padà. Omi tó wà ní 4°C ló wúwo jù, òun ló ń lọ sísàlẹ̀. Èyí tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ á fúyẹ́, á gòkè, á dì. Nítorí náà gbogbo omi tó wà lábẹ́ yìnyín ló bá trout lára mu, láti ìsàlẹ̀ títí dé abẹ́ ẹsẹ̀ wa gan-an. Ẹni tó bá kàn jẹ́ kí ìwọ̀ ẹ̀ dúró sísàlẹ̀, àwọn tó ń kọjá lókè ò ní rí i.

A fi ìwọ̀ ńlá sí ọ̀pá kan, pẹ̀lú rọ́bà funfun oníhò nínú tó gùn tó ìka. Èkejì, ẹja kéékèèké la fi sí i, a fi sílẹ̀ kó dá dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀pá sókè, mo jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, mo gbé e, mo sọ̀ ọ́. Lójú sónà, ìlà kan ṣoṣo ni, ti ìwọ̀ mi. Ó rí bẹ́ẹ̀ fún wákàtí tó gùn.

Lẹ́yìn náà ìlà kejì gbéra láti ìsàlẹ̀, ó nípọn, ó ń gòkè bọ̀ kíákíá. "Sá fún un!" Ẹ̀gbọ́n ní. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn. Ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn, ohun tó bá ń sá ni trout ń lé. Tí ìwọ̀ bá dúró nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, á wò ó, á sì yísẹ̀ padà. Eléyìí lé e dé ìdajì omi, ó dẹ̀rìn, ó sọ̀ kalẹ̀ padà. Òmíràn wá lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, òun náà ṣe bákan náà. Kò sóhun tí mo tún fẹ́ kọ nípa ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ òfo la gbé wálé, Ẹ̀gbọ́n ò sì sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta: ibi kan náà

A dé orí omi kí ìmọ́lẹ̀ tó dé. A sún kúrò ní ibi àná, a lọ sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan níbi tí ìsàlẹ̀ ti ń jìn lójijì. Ẹja kéékèèké máa ń gba irú etí bẹ́ẹ̀ kọjá, trout sì mọ̀.

Ìlà náà yọ ní nǹkan bíi mítà 12, lókè pátápátá, níbi tí mi ò bá ti rí i ká ní ìsàlẹ̀ nìkan ni mò ń wò. Mo gbé ìwọ̀ kọjá iwájú ẹ̀, mo ká okùn láìdúró. Ìlà méjèèjì ń gòkè pọ̀. Wọ́n di ọ̀kan. Mo gbé ọ̀pá, ọ̀pá ò gbé.

Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe agbára rárá. Kẹ̀kẹ́ okùn ń ké, okùn ń jáde, kò sì sóhun tí mo lè ṣe sí i ju kí n má fi ọwọ́ dí i lọ. Ewu tó wà nínú ihò yìnyín ni etí ẹ̀. Tí ẹja bá sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, okùn á máa ha etí ìsàlẹ̀ ihò náà, ó sì mú. Mo kúnlẹ̀, mo ti ṣóńṣó ọ̀pá bọ inú omi kí okùn lè jìnnà sí etí náà. Omi gba ìbọ̀wọ́ wọlé. Mo ká díẹ̀, ó gbà á padà. Mo tún ká.

Lẹ́yìn náà ni omi inú ihò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ ń yọ látìsàlẹ̀, gbùlù, gbùlù, láìtíì rí ẹja kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látàná, ó ní, "Ó ti ń gùnfẹ̀. Ó ti dé." Ibi tí trout ti yàtọ̀ sí perch nìyẹn. Àpò afẹ́fẹ́ tiẹ̀ ní ọ̀nà sí ọ̀fun, nítorí náà bó ṣe ń gòkè, ó ń tú afẹ́fẹ́ náà jáde lẹ́nu. Apẹja trout máa ń rí èémí ẹja kó tó rí ẹja.

Orí ẹ̀ yọ. Ihò wa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 25, orí náà gba ibẹ̀ kọjá, àmọ́ kò ṣẹ́ ku àyè púpọ̀. Ara eérú, àmì ràkọ̀ràkọ̀ lára ẹ̀ títí dé orí, ìrù tó là sí méjì gan-an. Inú ahéré la wà, nítorí náà ojú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ò ní dì bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹbẹ ni mò ń wò. Mo na lẹbẹ ikùn méjèèjì, wọ́n pé. Mo wo lẹbẹ kékeré ẹlẹ́ran tó wà lẹ́yìn nítòsí ìrù, ó wà níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ló pé.

Mo ní láti ṣàlàyé ìdí tínú mi fi dùn tó bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀rúndún tó kọjá, trout Simcoe fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bímọ mọ́. Fọ́sfọ́rọ́ọ̀sì, èròjà kan tó wà nínú ajílẹ̀, látinú oko àti omi ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn wọ adágún, ó ń bọ́ ewédò tín-ín-tìn-tín. Ewédò ń kú, ó ń rì, ó ń jẹrà, ìjẹrà náà sì ń gba ọ́síjìn tó wà nísàlẹ̀, níbi tí trout gbọ́dọ̀ sá sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ò là á já. Láti àwọn ọdún 1960 nìjọba ti ń kó ọmọ trout tí wọ́n sìn lọ́tọ̀ wá dà sínú adágún, wọ́n sì ń gé lẹbẹ kan lára wọn kí wọ́n lè dá wọn mọ̀. Lọ́dún 2008 ni Ontario ṣòfin kan fún ààbò adágún yìí nìkan, wọ́n gbé ètò ẹ̀ jáde lọ́dún 2009, wọ́n sì fi ojú sùn ún pé kí ọ́síjìn omi ìsàlẹ̀ padà dé míligíráàmù 7 nínú lítà kan. Omi ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn trout tí wọ́n bí sínú adágún fúnra ẹ̀ sì ti ń pọ̀. Ẹja tó wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó sìn ín. Bàbá tó wà ní ahéré kejì fi tiẹ̀ hàn mí lẹ́yìn náà: lẹbẹ ikùn ọ̀tún ò sí, ojú ibẹ̀ ti jinná, ó ń dán.

Mo fi orí tèmi kọ omi, mo tì í wọlé. Ó sá lọ. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀fun tó fi tú afẹ́fẹ́ jáde.

"O ò ṣe dáadáa," Ẹ̀gbọ́n ní.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹbẹ ẹ̀ pé."

"Lẹbẹ ẹ̀ pé, ẹran ẹ̀ náà pé."

Kò tó wákàtí kan tí òun náà fi mú tiẹ̀, ó kéré ju tèmi lọ, lẹbẹ tiẹ̀ náà pé. Ó tọ́jú ẹ̀. Mo sọ tẹnu mi, ó sọ tiẹ̀: pé òfin ò yà wọ́n sọ́tọ̀, pé ìwé àṣẹ ńlá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ fún un láyè méjì, pé torí kéèyàn lè máa rí i jẹ ni gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí adágún yìí. Kò purọ́. Mi ò ṣì gbà. A fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀, a jẹ búrẹ́dì.

Ọjọ́ Àìkú: ìyọ́

Ooru dé mọ́jú, atẹ́gùn gúúsù sì ń fẹ́. Kó tó di aago mẹ́wàá, omi ti ń dúró lójú yìnyín. A ń pa perch lọ́wọ́ nítòsí etí ilẹ̀ nígbà tí bàbá aláhéré fi alùpùpù ẹ̀ yí gbogbo wa ká, ó ní yìnyín ti là gbọọrọ láàárín adágún, atẹ́gùn sì ń sún apá kan, kí gbogbo èèyàn máa kó ẹrù. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Yìnyín tá a wà lórí ẹ̀ ṣì nípọn, àmọ́ tí ẹ̀là bá wà láàárín ìwọ àti ilẹ̀, ìnípọn ò wúlò.

Ọjọ́ ṣì gùn, la bá wakọ̀ lọ sí Atherley Narrows, nítòsí Orillia, níbi tí omi Simcoe ti ń ṣàn lọ sínú Adágún Couchiching. A ò lọ síbẹ̀ láti pẹja. Omi tó ń ṣàn kì í jẹ́ kí yìnyín nípọn, ẹni tó bá rìn lórí ibẹ̀ ń wá ọ̀ràn. Òpó igi tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ la lọ wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti òkè, omi nìkan lèèyàn ń rí. Mnjikaning ni wọ́n ń pè é. Ó lé ní 4,500 ọdún táwọn ọmọ onílẹ̀ ti ri igi mọ́lẹ̀ síbẹ̀ láti darí ẹja sójú kan. Champlain, arìnrìn-àjò ará Faransé, bá wọn níbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń lò ó lọ́dún 1615. Ẹ̀gbọ́n ka pátákó náà dópin. Ó ní, "Àwọn yìí ò lu ihò o." Ohun tó sọ nípa ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí a tó wọ ojú ọ̀nà márosẹ̀, a la perch lẹ́yìn ọkọ̀. Èèyàn ò gbọ́dọ̀ bó gbogbo awọ ẹ̀ kúrò tó bá ṣì ń gbé e rìn. Awọ tó pọ̀ gbọ́dọ̀ kù lára ẹran kọ̀ọ̀kan kí aṣọ́dò lè mọ irú ẹja tó jẹ́, kó sì lè kà wọ́n. Mo tẹ́ wọn sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò dì wọ́n pọ̀. Omi garawa tá a fi gbé ẹja ìjẹ wá, mo gbé e jìnnà, mo dà á sórí koríko, nítorí ó lòdì sófin láti dà á sómi tàbí síbi tí ò tó mítà 30 sómi. Lẹ́yìn náà la pín. Perch, ìdajì-ìdajì. Nígbà tí mo na ọwọ́ sí trout, Ẹ̀gbọ́n pa àpótí amú-nǹkan-tutù ẹ̀ dé, ó ní kí n lọ gba tèmi lọ́wọ́ omi.